Rọ́bà Eyín Ẹfúùfù

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá gbé ìkòkò kaná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó lọ bọ́jú kó padà wá. Ìtàn tí mo gbé wá lónìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó ní kọ̀rọ̀ nínú bí ilé àtijọ́, ẹni tó bá ṣẹ́jú lásán, ọ̀daràn á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo ṣèlérí fún yín: kí n tó dákẹ́, ẹ ó mọ ẹni tó ṣe é, ẹ ó sì mọ bí ojú ṣe máa ń tú àṣírí tí ẹnu ti bò mọ́lẹ̀.

Ìyúnra ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ àṣekágbá ìdíje rọ́gíbì ẹlẹ́ni méje ni, ìdíje tí àwọn orílẹ̀-èdè kó ọkùnrin wọn àti obìnrin wọn wá sí. Àwọn ọmọbìnrin tó ń wọ aṣọ pupa wẹ̀ tán, wọ́n fa aṣọ ìnura, wọ́n nura. Kí á tó wí, kí á tó fọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í họra. Wọ́n họ apá, wọ́n họ itan, wọ́n họ ibi tí ọmọlúàbí kì í họ lójú àwùjọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn gbọ́ ariwo láti ìta, ó rò pé ijó ayọ̀ ni, ó pàtẹ́wọ́ sí i. Ìgbà tó wọlé ló rí i pé omijé ló wà lójú wọn.

Wèrèpè ni. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lóko mọ̀ ọ́n, ewéko tí irun ara rẹ̀ kì í mọ ọmọ ọba yàtọ̀ sí ọmọ ìwọ̀fà. Ẹnìkan ti gbọn irun náà sára gbogbo aṣọ ìnura tí wọ́n ká sórí àga. Lábẹ́ àga yẹn gan-an ni wọ́n ti rí rọ́bà eyín kan, aláwọ̀ ewé, tí wọ́n fa ìlà funfun sí níwájú.

Ẹni tí kò bá mọ̀, kó gbọ́: kò sí ẹni tó ń gbá rọ́gíbì tí kì í ki rọ́bà sẹ́nu, kí ìgúnpá ẹlòmíràn má baà kó o léyín jọ. Omi gbígbóná ni wọ́n ń sọ ọ́ sí títí á fi rọ̀. Ẹni tó ni ín á wá deyín mọ́ ọn, eyín rẹ̀ á ya àwòrán ara rẹ̀ síbẹ̀. Bí ojú ṣe yàtọ̀ sí ojú, bẹ́ẹ̀ ni rọ́bà yàtọ̀ sí rọ́bà. Aláwọ̀ ewé onílà funfun yìí, gbogbo pápá ló mọ olówó rẹ̀. Ẹfúùfù ni, balógun àwọn ọmọbìnrin aláṣọ ewé, àwọn gan-an tí wọ́n fẹ́ bá àwọn pupa wàákò ní àṣekágbá.

Olórí ìdíje ránṣẹ́ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Imú-Ajá ni wọ́n rán wá.

Obìnrin tó ti kúrò lọ́mọdé ni Imú-Ajá. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ń dùn ún, kì í sáré, kò sì sí ọ̀daràn tó sáré fún un tó lọ jìnnà. Wọ́n fún un lórúkọ yẹn nítorí pé ohunkóhun tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn, á kọ́kọ́ fi imú kàn án. Sájẹ́ǹtì rẹ̀ máa ń sọ pé ọ̀gá òun ń gbóòórùn irọ́ kí ẹnu tó là.

“Màmá, ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá,” ni olórí ìdíje wí nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ó gbé rọ́bà náà sínú ọ̀rá kékeré kan lórí tábìlì. “Nǹkan rèé, ẹni tó ni ín rèé. Ẹ ṣáà bá mi fìdí ẹ̀ múlẹ̀, kí n lé e. Kò ní gbá rọ́gíbì mọ́ fún ọdún gbọọrọ. Ẹlòmíràn nínú ikọ̀ ẹ̀ á rọ́pò ẹ̀.”

“Ṣé ó ti jẹ́wọ́?”

“Olè wo ló ń jẹ́wọ́?”

“Ẹni tí kì í ṣe olè náà kì í jẹ́wọ́,” ni Imú-Ajá fèsì. “Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ gbá?”

“Àwọn ọkùnrin ń múra àṣekágbá tiwọn lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ti jáde, obìnrin ló kàn. Eré yìí kì í pẹ́ o, Màmá. Ìṣẹ́jú méje, wọ́n á mumi, ìṣẹ́jú méje, ó tán.”

Imú-Ajá ṣí ọ̀rá, ó gbé e sí imú. Ó nà án sí Sájẹ́ǹtì.

“Gbóòórùn ẹ̀.”

“Ọ̀gá! Ẹnu ènìyàn ló ti jáde!”

“Mo ní kí o gbóòórùn ẹ̀, mi ò ní kí o jẹ ẹ́.”

Sájẹ́ǹtì di ojú, ó fa imú. “Ó ń kan. Bíi... bíi mílíìkì tó sùn síta.”

“Ó ṣeun. Jẹ́ ká lọ.”

Yàrá tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí ni wọ́n ti ọmọ náà mọ́. Ẹ mọ̀ pé bọ́ọ̀lù rọ́gíbì kì í ṣe roboto, ó gùn lórí gùn nídìí bí ìbẹ́pẹ. Àárín àwọn ìbẹ́pẹ aláwọ wọ̀nyí ni Ẹfúùfù jókòó sí, ó ti wọ aṣọ eré tán, okùn bàtà rẹ̀ ti so dáadáa. Ètè rẹ̀ òkè wú. Nígbà tó kí wọn, Imú-Ajá rí i pé àlàfo wà níwájú eyín rẹ̀.

“Mi ò ṣe é, Màmá.”

“Mi ò tíì bi ẹ́. Ta ló gba eyín yẹn?”

“Ìgúnpá ni, lánàá, nínú eré tó gbé wa dé àṣekágbá. Mo gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà kí n tó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Bọ́ọ̀lù ò bọ́ lọ́wọ́ mi o. Eyín nìkan ló bọ́.”

“Níbo ló bọ́ sí?”

“Ó há sínú rọ́bà mi, rọ́bà tó wà lọ́wọ́ yín yẹn. Dókítà wa ní ká má fọwọ́ yọ ọ́, ká ju gbogbo ẹ̀ sínú ife mílíìkì, pé bóyá dókítà eyín á lè dá a padà. Kò ṣeé dá padà. Ó yọ eyín fún mi, mo gbé e sápò. Rọ́bà, mi ò rántí bèèrè ẹ̀ mọ́.”

Sájẹ́ǹtì wo ọ̀gá rẹ̀. Mílíìkì rèé.

“Ta ló bá ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín?”

“Ọ̀kẹ́rẹ́, àbúrò mi nínú ikọ̀, òun ló di orí mi mú. Oníkóòtù, alábòójútó wa, ló wa ọkọ̀. Àwọn méjì yẹn nìkan.”

“Kí lo wá fẹ́ fi gbá lónìí?”

Ẹfúùfù bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ òsì, ó fa rọ́bà mìíràn yọ. Aláwọ̀ búlúù ni èyí. “Ibẹ̀ la máa ń kì í sí tá ò bá tíì wọ pápá. A sè é láàárọ̀ yìí nílé ìdáná, gbogbo wa pagbo yí ìkòkò ká, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá arúgbó ń wá eyín. Mo fi han olórí ìdíje. Ó ní ẹni tó ní méjì lè sọ ọ̀kan nù.”

Imú-Ajá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti àná, àpá eyín tò síbẹ̀ láìsí àlàfo. Ti òní, àlàfo hàn gbangba bí ojú ọ̀nà.

“Ta ló ń bínú sí ẹ?”

“Mi ò mọ̀, Màmá. Àmọ́ mo ti búra fún àwọn ọmọ mi. Mo ní tá a bá gba ife, tí wọ́n bá na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí mi, mo máa sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe wá. Ọkọ̀ òfúrufú ló gbé àwọn ọkùnrin wa wá síbí. Àwa, orí ilẹ̀ la gbà, a sùn lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ wa wú. Ẹ wo bàtà yìí. Bàtà tí àwọn ọkùnrin ti wọ̀ gbó ni. Mo ki ìwé sí i ní imú kó tó bá mi mu.”

Imú-Ajá wo bàtà náà pẹ́. Lóòótọ́, ìwé yọrí jáde létí rẹ̀.

“Dìde nílẹ̀ kí o máa na ẹsẹ̀ rẹ,” ló wí. “Má jẹ́ kí iṣan rẹ tutù. Wàá gbá.”

“Ọ̀gá,” ni Sájẹ́ǹtì wí nígbà tí wọ́n jáde, “ẹ ti ṣèlérí fún un.”

“Mo gbọ́ ohun tí mo sọ.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ bá. Ọmọbìnrin kúkúrú ni, ojú rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì ń họ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kíkankíkan.

Sájẹ́ǹtì fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. “Ọ̀gá, ẹ wò ó! Ó ń họra!”

“Mo ríran, Sájẹ́ǹtì. Ọmọ mi, kí ló ń yún ẹ?”

“Balógun àwọn pupa ni mo dì mọ́, Màmá. A jọ gbá nínú ẹgbẹ́ kan rí. Mo rí i tó ń sunkún, mo rọ̀ mọ́ ọn, mi ò mọ̀ pé ìyà ni mò ń gbá mọ́ra.”

“Tí Ẹfúùfù ò bá gbá, ta ló máa gbá?”

“Èmi.”

“Ṣé ó wù ẹ́?”

Ojú tí kì í dúró lójú kan yẹn dúró. “Ó wù mí gan-an. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìdí ti ń ro mí. Àmọ́ kì í ṣe báyìí. Ìyà tó jẹ ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ni màá fi ṣoge.”

“Ta ló gbé ife mílíìkì wọlé dókítà eyín?”

“Èmi ni.”

“Ta ló gbé e jáde?”

“Mi ò mọ̀. Mo ti gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń dì mú.”

Sájẹ́ǹtì ti fa ìdè irin yọ díẹ̀ nínú àpò. Imú-Ajá mi orí fún un, ó bi ọmọ náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo sí i.

“Láàárọ̀ yìí, ta ló di ìkòkò omi gbígbóná mú?”

“Èmi náà ni. Ẹfúùfù ò bẹ̀rù ènìyàn, omi gbígbóná ló ń bẹ̀rù.”

Wọ́n rìn kúrò níbẹ̀. Láti orí pápá, ariwo èrò ru gùdù, wọ́n ti fọn fèrè, eré àwọn ọkùnrin ti bẹ̀rẹ̀. Orúnkún Imú-Ajá ń ta á, kò sì dín ìrìn kù.

“Ọ̀gá, ó ń họra, òun ló gbé ife, òun ló máa jèrè. Kí lẹ tún ń wá?”

“Ẹni tó fẹ́ fi fìlà rẹ mú ẹ lólè, fìlà tó ń jókòó lórí rẹ ló máa jí, àbí èyí tó ti rí i pé o ti pààrọ̀?”

“Èyí tó ń jókòó lórí mi.”

“Ẹni tó gbé rọ́bà yìí síbẹ̀ gbà pé èyí nìkan ni Ẹfúùfù ní. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ se tuntun. Ṣé á wá fi èyí tó ti kú tì í lẹ́wọ̀n?”

Sájẹ́ǹtì fi ìdè irin padà sápò, ojú tì í díẹ̀. “Ẹni tí kò sí nílé ìdáná láàárọ̀ là ń wá nìyẹn.”

“Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Máa bọ̀.”

Níwájú yàrá ìmúra àwọn aláṣọ ewé, wọ́n fi àwòrán ikọ̀ náà kọ́ ara ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀kan ní pápá, ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan níbi tí wọ́n ti ń jẹun. Ọkùnrin kan wà nínú gbogbo wọn, kóòtù dúdú ló wọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún sì wà nínú àpò kóòtù bí ẹni ń pa ẹyin mọ́ síbẹ̀. Imú-Ajá ń wo wọn lọ́wọ́ nígbà tí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ dé.

“Ẹ káàbọ̀, Màmá! Ẹ mà kú wàhálà àwa ọmọ yín.” Oníkóòtù ń rẹ́rìn-ín, òógùn ń kán létí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kọ́ sílẹ̀ bíi ti ọmọ tó ń retí ẹgba. “Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí o. Ọmọ dáadáa ni Ẹfúùfù, ẹnu rẹ̀ ló kàn pọ̀ jù.”

“Oòrùn yìí mú. Ẹ ò bọ́ kóòtù?”

“Háà, Màmá! Kóòtù ni orúkọ mi. Tí mo bá bọ́ ọ, ta ló máa dá mi mọ̀?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Fóònù rẹ̀ dún. Àpò ọ̀tún kóòtù ni ìró náà ti ń wá. Oníkóòtù jẹ́ kó dún, ó ń rẹ́rìn-ín lọ, ó jẹ́ kó dún títí tó fi dákẹ́.

“Ẹ ò gbé e?”

“Àwọn oníròyìn ni. Wọn ò níṣẹ́.”

“Níbo lẹ wà láàárọ̀?”

“Ìpàdé àwa alábòójútó. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ni mo ti wà níbẹ̀, gbogbo orílẹ̀-èdè ló rí mi. Ó sún mọ́ yàrá ìmúra àwọn pupa pàápàá, mo gbọ́ ìgbà tí wọ́n figbe ta.”

“Ẹ ṣeun,” ni Imú-Ajá wí. “Ẹ bá mi pe gbogbo ikọ̀ yín jọ.”

Nígbà tí wọ́n pé, yàrá náà kún. Àwọn ọmọbìnrin aláṣọ ewé dúró ti ògiri, dókítà wọn wà láàárín wọn. Olórí ìdíje dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aago. Balógun àwọn pupa náà wá, ó fi ọ̀rá tí yìnyín wà nínú rẹ̀ lẹ ọrùn. Imú-Ajá gbé rọ́bà aláwọ̀ ewé sórí tábìlì tó wà láàárín, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

“Ẹ̀rí tí mo rí kò tó láti dá ọmọ yìí dúró,” ló wí. “Kó lọ gbá.”

“Màmá!” ni olórí ìdíje wí.

Ariwo ru lórí pápá. Imú-Ajá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. “Ẹfúùfù, wọ́n ń pè yín! Rọ́bà rẹ dà? Kì í sẹ́nu, ó yá, ó yá!”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí mo ní kí ẹ má ṣẹ́jú rèé. Gbogbo àwọn ọmọbìnrin yẹn wo ẹsẹ̀ Ẹfúùfù. Dókítà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Olórí ìdíje pàápàá, ẹni tí wọ́n ti fi tuntun hàn, wo ìbọ̀sẹ̀ òsì. Oníkóòtù nìkan ṣoṣo ló wo tábìlì, ó sì ti na ọwọ́ bò ó.

“Kò ṣeé ṣe!” ló kígbe. “Ẹ̀rí nìyí! Kò lè fi ẹ̀rí sẹ́nu, òfin ò sì jẹ́ kó wọ pápá láìsí rọ́bà!”

Ẹfúùfù bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó yọ búlúù jáde nínú ìbọ̀sẹ̀, ó kì í sẹ́nu.

Oníkóòtù wo búlúù. Ó wo ewé. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì.

“Ilé ìdáná ni wọ́n ti sè é láàárọ̀,” ni Imú-Ajá wí jẹ́ẹ́. “Gbogbo ikọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin wà nípàdé, ìṣísẹ̀ díẹ̀ péré sí yàrá ìmúra àwọn pupa. Èyí tó wà níwájú yín, inú ife mílíìkì ló sùn lánàá, ó ṣì ń rùn. Ènìyàn méjì ló bá ife náà rìn. Ọ̀kan nínú wọn ló se tuntun.”

“Ṣé ojú lẹ fẹ́ fi mú mi ni?” Ohùn rẹ̀ ga. “Pé mo wo tábìlì! Mi ò sí níbẹ̀, mi ò mọ̀ pé ó ní òmíràn, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?”

“Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.” Imú-Ajá dìde, orúnkún rẹ̀ sì ké. “Mo ti wo àwòrán yín lára ògiri. Kò sí ọ̀kan tí ọwọ́ ọ̀tún yín kò sí nínú àpò. Láti ìgbà tí mo ti dé, ọwọ́ yẹn ò wọ ibẹ̀. Fóònù yín ń ké níbẹ̀, ẹ ò yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ ti ọwọ́ bọ àpò kóòtù ara yín, kí ẹ bá wa yọ fóònù yẹn.”

Oníkóòtù ò mira.

“Ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọ̀rẹ́,” ni olórí ìdíje wí, “kí ọ̀rọ̀ tán.”

Oníkóòtù wo àpò náà bí ẹni wo ihò ejò. Òógùn kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí bàtà. Fóònù tún dún, ó dún, ó dún, gbogbo ilé ń gbọ́ ọ, kò sì sí ọwọ́ tó lọ bá a. Balógun àwọn pupa ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dùn gbọ́.

“Àpò yẹn lẹ fi gbé wèrèpè wá. Ìbọ̀wọ́ dókítà lẹ lò láti gbọ̀n ọ́n sára aṣọ ìnura,” ni Imú-Ajá wí. “Ẹ sọ ìbọ̀wọ́ nù. Kóòtù ni ẹ ò lè bọ́, nítorí gbogbo ayé á bèèrè. Èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó ru wèrèpè mọ ibi tó sọ̀ ọ́ sí.”

Èjìká kóòtù náà wálẹ̀. “Mi ò fẹ́ kí wọ́n pàdánù,” ló wí, tí ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Ife wù mí. Ẹnu rẹ̀ ni kò wù mí.”

Lórí pápá, fèrè ìparí dún fún àwọn ọkùnrin. Sájẹ́ǹtì mú Oníkóòtù lọ, ó fà á ní apá òsì, ó jìnnà sí ọ̀tún.

Wọ́n gbá eré náà. Àwọn pupa wẹ̀ ní àwẹ̀tún-wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ mìíràn, wọ́n ń họ wọ́n ń sáré. Ẹfúùfù sá pápá náà bí orúkọ rẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú bàtà ẹlòmíràn. Ní ìparí, nígbà tí agbára tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó yọ ara rẹ̀ kúrò lórí pápá, ó nàka sí Ọ̀kẹ́rẹ́, Ọ̀kẹ́rẹ́ sì wọlé bí ẹni tí wọ́n tú lókùn. Kò tó. Àwọn pupa fi díẹ̀ báyìí borí wọn.

Bí wọ́n ṣe gbé ife fún balógun àwọn pupa nìyẹn, tí wọ́n na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i. Ọmọ náà họ ọrùn. Ó rìn kọjá lára olórí ìdíje, ó kọjá lára àwọn oníròyìn, ó lọ síbi tí Ẹfúùfù jókòó sí lórí koríko.

“Wọ́n mú kí ara yún mi torí kí ẹnu rẹ lè pa dé,” ló wí, gbogbo pápá sì gbọ́. “Gbà. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.”

Ẹfúùfù dìde. Ó yọ rọ́bà búlúù lẹ́nu, ó kì í sínú ìbọ̀sẹ̀. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fa ìwé tó wà nímú rẹ̀ jáde, ó gbé e sókè kí gbogbo ojú rí i. Ìgbà yẹn ló la ẹnu.

Létí pápá, Imú-Ajá ń fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Sájẹ́ǹtì bi í bóyá kí wọ́n máa lọ.

“Dúró,” ló dá a lóhùn. “Mo fẹ́ gbọ́ ọ tán.”

Bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe fi lé yín lọ́wọ́. Àbúrò ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi, òun ni afọṣọ pápá náà nígbà yẹn. Gbogbo aṣọ ìnura wọ̀nyẹn ló fọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wú bí búrẹ́dì. Ó ní nígbà tí wọ́n tún gbé kóòtù dúdú kan wá bá òun lálẹ́ pé kóun bá àwọn fọ̀ ọ́, òun wo àpò ọ̀tún rẹ̀, òun sì wí pé kí ẹni tó ni ín wá fọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́.